Gbéborùn ojú omi Àgbádárìgì ti di ọjà

Lọ́dún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí ewéko kan lójú omi Àgbádárìgì, tó gba ọ̀nà omi Àjàṣẹ́ wọlé láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Òdòdó rẹ̀ rẹwà, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn apẹja léèrè: kì í jẹ́ kí ọkọ̀ wọn rìn. Gbéborùn ni àwọn Yorùbá kan ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu.

Achenyo Idachaba, tó ti ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà kó tó padà sílé, rí owó nínú rẹ̀. Ìbàdàn ló dá iléeṣẹ́ rẹ̀, MitiMeth, sílẹ̀ sí. Wọ́n á sá ọ̀pá ewé náà sóòrùn, wọ́n á hun ún bí okùn, wọ́n á sì fi ṣe agbọ̀n àti àpò. Lọ́dún 2014, ó gba ẹ̀bùn Cartier Women's Initiative.

Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Industrial Design ní FUTA àti Yabatech fojú sí i. Ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ díje kò nílò ohun èlò olówó gọbọi níbí. Ewéko náà lè di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Gbígbẹ ló le. Èyí tí kò bá gbẹ yóò bu, oníbàárà kò sì ní padà wá. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀ nígbà tó bá tutù, nítorí náà, ẹni tó bá ń kó o ní tútù lọ sí Yaba, owó ọkọ̀ omi ló ń san. Etí omi ló yẹ kí wọ́n ti sá a.