Fífọ Ẹ̀jẹ̀ fún Àgbàlagbà tí Àrùn Kíndìnrín Ń Bá Fínra ní Etíkun Ìlàjẹ

Kíndìnrín ni asẹ́ ara ènìyàn. Ẹ̀jẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì ń yọ ìdọ̀tí àti omi tó pọ̀jù sínú ìtọ̀. Nínú àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní FSGS, àpá ni ó máa ń mú ojú asẹ́ yìí. Purotéènì tó yẹ kó wà nínú ẹ̀jẹ̀ á wá máa jò jáde, ìtọ̀ á máa hó bí ọṣẹ, ojú àti ẹsẹ̀ á sì wú. Àìsàn náà kì í gbóògùn bọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi hàn pé ẹ̀dà méjì kan ti àbùdá àjogúnbá APOL1, tó wọ́pọ̀ láàrin àwọn Yorùbá, máa ń ṣílẹ̀kùn fún irú àrùn bẹ́ẹ̀. Àbùdá kan náà ló sì ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ kòkòrò àrùn sunrunsunrun! Ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn ni àìsàn ń mú. Kò wá tọ́ kí ẹnikẹ́ni rí ara wíwú kó sọ pé ayé ló ń ṣe aláìsàn.

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba fọwọ́ sí ẹ̀rọ Liposorber, tó ń sẹ́ ọ̀rá kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, fún àgbàlagbà tó ní FSGS ní ọdún 2018. Èyí tó wà nítòsí ni fífọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí kíndìnrín bá ti daṣẹ́ sílẹ̀. Kolff lo irú ẹ̀rọ náà fún ènìyàn, ní Netherlands, ní ọdún 1943. Ó dé LUTH ní Èkó ní ọdún 1981. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ni ẹ̀jẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ kan asẹ́ kọjá tí omi sì ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Omi náà tó nǹkan bí lítà 120 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì gbọ́dọ̀ mọ́ ju omi mímu lọ.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ Ìlàjẹ ti le. Omi ló yí Ayétòrò ká, ṣùgbọ́n oníyọ̀ ni, òkun sì ti gba ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀. Aláìsàn á wọ ọkọ̀ ojú omi dé Igbókòdá, á tún gba títì dé ìlú Oǹdó, níbi tí ibùdó ìtọ́jú kíndìnrín wà. Lọ́jọ́ kejì sí ẹ̀kẹta, ìrìn náà tún di dandan. Ní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ dín owó fífọ ẹ̀jẹ̀ kù láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé-ìwòsàn rẹ̀ kan, UCH Ìbàdàn wà lára wọn. Owó ọkọ̀ kò sí nínú ẹ̀dínwó náà. Bí ìgbì bá ru tí ọkọ̀ kò gbéra, omi tí ara kò rí ọ̀nà tọ̀ jáde lè kó sí ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn kí òkun tó rọlẹ̀.