Ìṣirò wákàtí ní Ethiópíà

Ìṣirò wákàtí ní Ethiópíà jẹ́ ọ̀nà tí àwọn ará orílẹ̀-èdè náà ń gbà ka wákàtí láti ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́, kì í ṣe láti ọ̀gànjọ́ òru. Aago méje òwúrọ̀ ti àgbáyé ni aago kan òwúrọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wọn a tún bẹ̀rẹ̀ kíkà wákàtí òru. Aago méje alẹ́ a sì di aago kan. Ethiópíà kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, nítorí náà àkókò tí oòrùn ń yọ níbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láàárín ọdún.

Ìyàtọ̀ wákàtí mẹ́fà yìí lè ṣi àlejò lọ́nà. Bí wọ́n bá sọ fún un pé bọ́ọ̀sì yóò gbéra ní aago méjìlá, ó lè jẹ́ aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni wọ́n ń wí. Bí ó bá dé ní ọ̀sán gangan, bọ́ọ̀sì ti lọ. Aago àgbáyé ni àwọn ọkọ̀ òfuurufú ń lò ní tiwọn. Nítorí náà, ó yẹ kí àlejò béèrè irú aago tí wọ́n ń sọ.

Kàlẹ́ńdà wọn pẹ̀lú yàtọ̀: oṣù 13 ni ó ní, ó sì fi ọdún 7 tàbí 8 wà lẹ́yìn ti àgbáyé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2007 ni Ethiópíà wọ ọdún 2000.