Ilé Amọ̀ Yorùbá àti Ọ̀nà Omi: Àlàyé lórí Ìkọ́lé àti Àyíká

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí ilé Yorùbá, ọnà ara òpó àti ilẹ̀kùn ni a sábà máa ń gbájú mọ́. Ohun tó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni bí ilé náà ṣe ń bá òjò, oòrùn àti ilẹ̀ lò.

Nítòsí ibi tí ilé yóò dúró sí ni wọ́n ti ń wa amọ̀, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sì ń mọ ọ́n. Wọn a da omi sí erùpẹ̀, wọn a fi ẹsẹ̀ pò ó, wọn a fi í sílẹ̀, wọn a tún un pò. Ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ògiri ẹni tó bá kánjú yóò wó. Ògiri tó nípọn báyìí kì í tètè gbóná lọ́sàn-án. Koríko bẹẹrẹ ni àwọn ará ọ̀dàn fi ń bo ilé, ewé gbòdógì ni ti ilẹ̀ igbó. Òrùlé náà yọ síta bo ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí omi ni ọ̀tá ògiri amọ̀.

Síbẹ̀, wọn kò lé omi dànù. Ní Ifẹ̀ àti Èkìtì, wọ́n máa ń fi àyè tí kò ní òrùlé sílẹ̀ láàrin ilé, kí omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ lè bọ́ sínú ìkòkò níbẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí àgbàlá tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀.

A kò wí pé kí a padà sí ilé koríko. Ẹni tó mọ ohun tí iná ń ṣe ní àkókò ọyẹ́ kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Páànù gbà wá lọ́wọ́ iná, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ kò kéré (ọ́fíìsì tí a ti ń kọ iṣẹ́ yìí jẹ́ ẹ̀rí). Èyí tó burú jù ni pé a fi sìmẹ́ǹtì bo àgbàlá, omi kò sì rí ibi rì sí mọ́.

Ní Ìbàdàn, odò Ògùnpa kún àkúnya ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, 1980, ó sì gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, 2011, òjò tó rọ̀ fún wákàtí mélòó kan tún gbé afárá, ilé àti ènìyàn lọ. Orí òkè ni púpọ̀ nínú agboolé àtijọ́ ìlú náà wà, bí i Òkè Àrẹ̀mọ. Òótọ́ ni pé ogun ló gbé wọn débẹ̀, kì í ṣe omi. Ṣùgbọ́n àwa tí ogun kò lé, bèbè odò ni a lọ kọ́lé sí.