‘Agbára Wo?’: Àwọn Ọ̀rọ̀ tí a lè fi Ṣàlàyé Ìgbà Téńté Àgbà Agbábọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀

Olùkọ́ ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí kan, tí ó ń kọ́ni ní agbègbè Òsóòrò ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ni ó gbé ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí tọ̀ wá wá. Ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ lórí iṣan ara, ó sì fẹ́ fi èdè Yorùbá ṣe àlàyé rẹ̀. Ọmọ kan dìde, ó béèrè pé títí di ìgbà wo ni LeBron James, gbajúgbajà agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ará Amẹ́ríkà tí a bí ní òpin ọdún 1984, yóò fi máa gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tí ọjọ́ orí kò kàn. Olùkọ́ dáhùn pé, “Títí agbára rẹ̀ yóò fi dínkù ni.” Ọmọ náà tún ní, “Agbára wo, sà?” Olùkọ́ kò rí èsì fọ̀.

Kì í ṣe pé olùkọ́ yìí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó mú lò ni ẹrù náà wúwo jù fún. Nínú èdè wa, ẹni tí ó gbé àpò sìmẹ́ńtì lágbára, ẹni tí ó sáré jìnnà láìmí hẹlẹhẹlẹ lágbára, ẹni tí ó fò sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà náà lágbára. Bẹ́ẹ̀ ni ọba, ọlọ́rọ̀ àti oògùn lágbára pẹ̀lú. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí agbábọ́ọ̀lù kan fi kúrò ní ipò rẹ̀ ní ọmọ ọdún 35, tí òmíràn sì wà níbẹ̀ ní ọmọ 40, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè tó o. Àwọn ohun tí ọ̀rọ̀ náà kó pọ̀ kì í dé òkè lọ́jọ́ kan náà, wọn kì í sì í sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Àwọn ará Òsóòrò kò ṣàìmọ èyí. Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Akọpẹ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 25 a máa fi igbà gun igi púpọ̀ kí oòrùn tó mú. Èyí tí ó ti tó ọmọ 50 kò lè bá a díje nínú iye igi. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni ó ti ń wòkè tí ó fi ń mọ ìdì ẹyìn tí ó pọ́n, kì í sì í gun igi lásán. Bí a bá bi àwọn ará oko pé ta ni ó yá jù, ọmọdé ni wọn yóò nàka sí. Bí a bá bi wọ́n pé ta ni ó mọ iṣẹ́ jù, àgbà ni. Wọn kì í da méjèèjì pọ̀. Àwa tí a ń kọ ìwé ni a ń dà á pọ̀.

Kí a tó lọ síwájú, ó yẹ kí a sọ ìdí tí a fi yan ‘bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀’. Àwọn kan ń pè é ní bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá. Orúkọ yìí kò burú létí, ṣùgbọ́n eré mìíràn wà tí a ń fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù sí ilé àwọ̀n tí aṣọ́lé ń ṣọ́, eré náà ni orúkọ yìí sì tọ́ sí jù. Ẹni tí a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ gbá méjèèjì. Bí orúkọ méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, ìtàn rẹ̀ kò ní yé ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó ya eré tiwa sọ́tọ̀ ni apẹ̀rẹ̀ tí a gbé kọ́ sókè. Apẹ̀rẹ̀ tí a fi ń kó èso ni James Naismith lò nígbà tí ó dá eré náà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1891. Bákan náà, a kò lo ‘ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀’ níhìn-ín, nítorí ẹsẹ̀ kọ́ ni àwọn wọ̀nyí fi ń wọn ara wọn. ‘Ìdíje’ tó.

Hakeem Ọlájuwọ́n ni àpẹẹrẹ wa, nítorí pé ọmọ Yorùbá ni, àkọsílẹ̀ eré rẹ̀ sì pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èkó ni a ti bí i ní ọjọ́ 21 oṣù Kìíní ọdún 1963. Ó ṣọ́ ilé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá, kò sì fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kí ó tó pé ọmọ ọdún 15. Ní ọdún 1980 ó lọ sí Yunifásítì Houston. Ní ọdún 1984 ẹgbẹ́ Houston Rockets mú un ṣáájú gbogbo àwọn tí a yàn ní ọdún náà, títí kan Michael Jordan. Sáà 18 ni ó lò nínú ìdíje àgbà tí à ń pè ní NBA, 17 ní Houston, èyí tí ó kẹ́yìn ní Toronto. Houston gba ife-ẹ̀yẹ ní 1994 àti 1995. Ní sáà 1993-94, ó gba ẹ̀bùn ẹni tí ó tayọ jùlọ, ó gba ti olùdáàbòbò tí ó tayọ jùlọ, ó sì gba ti ẹni tí ó tayọ jùlọ nínú ìdíje àṣekágbá. Kò sí ẹlòmíràn tí ó tíì kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ní sáà kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo iye tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ náà. Ní sáà 1989-90, nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 27, bí a bá pín iṣẹ́ rẹ̀ dọ́gba lórí ìdíje kọ̀ọ̀kan, ìgbà 14.0 ni ó ń gba bọ́ọ̀lù tí ó ta padà láti ara apẹ̀rẹ̀, ìgbà 4.6 ni ó sì ń fi ọwọ́ dí bọ́ọ̀lù tí alátakò jù. Kò sí sáà mìíràn tí ó ju èyí lọ nínú iṣẹ́ méjèèjì. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní sáà 1994-95, ìgbàpadà ti di 10.8, dídí ti di 3.4. Ẹni tí ó bá wo èyí nìkan yóò ní ọkùnrin náà ti ń rẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n àmì ayò tí ó jẹ́ 24.3 ní ìgbà àkọ́kọ́ ti gòkè di 27.8, èyí tí ó pọ̀ jù nínú gbogbo ayé rẹ̀, ó sì ti pé ọmọ ọdún 32. Ara tí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni ó fi gba ife-ẹ̀yẹ kejì.

Bí a ṣe lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ni pé kí a tú ‘agbára’ palẹ̀. A dábàá pé kí a fi ‘ipá’ sílẹ̀ fún ohun tí ń gbé ẹrù. Kí a pe èyí tí ń gbé ara sókè lẹ́ẹ̀kan náà ní ‘ipá òjijì’. Kí ‘ìfaradà’ jẹ́ ti ẹni tí ń ṣe é lọ láìdúró. Kí ‘ìmọ̀-ọ́n-ṣe’ jẹ́ ti ọgbọ́n ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ojú. Ìkarùn-ún ni ‘ìkọ́fẹ’, a óò sì padà sórí rẹ̀.

Ipá òjijì ni ó kọ́kọ́ ń lọ. Ọ̀rọ̀ ‘iṣan’ fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kí èyí hàn dáradára, nítorí pé iṣan ni a ń pe ẹran tí ń súnkì, iṣan ni a ń pe okùn tí ó so ẹran náà mọ́ egungun, iṣan náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Bí olùkọ́ bá sọ pé iṣan já, èwo ni ó já? A rò pé ‘ẹran-iṣan’, ‘okùn-iṣan’ àti ‘ọ̀nà ẹ̀jẹ̀’ yóò yanjú rẹ̀. Fọ́nrán wẹ́wẹ́ ni ó para pọ̀ di ẹran-iṣan. Oríṣi méjì ni a lè pín wọn sí: àwọn ayárasúnkì, tí ń ṣiṣẹ́ kíákíá tí ó sì ń tètè rẹ̀ wọ́n, àti àwọn arọrasúnkì, tí kì í yára ṣùgbọ́n tí kì í tètè rẹ̀ wọ́n. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn ayárasúnkì ni ó ń fúnná jù. Ìdí nìyí tí ìfòsókè fi ń ṣáájú lọ, tí ẹni náà ṣì lè gbé ẹrù tí ó ń gbé tẹ́lẹ̀.

Ìfaradà kì í ṣe ti ẹran-iṣan nìkan. Iye ìgbà tí ọkàn lè lù ní ìsẹ́jú kan nígbà tí ó bá ń sá eré àsápajúdé ń dínkù pẹ̀lú ọjọ́ orí, ìdárayá kò sì lè dá a dúró. Ìṣirò tí a máa ń kọ́ àwọn ọmọ ni kí a yọ ọjọ́ orí kúrò nínú 220, èyí tí ó fún ọmọ ọdún 20 ní 200, tí ó sì fún ọmọ 40 ní 180. Ìdíwọ̀n fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni èyí, kì í ṣe òfin fún ẹnì kan. Ìwọ̀n ọ́síjìn tí ara lè lò lẹ́ẹ̀kan náà ń dínkù tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún lára ẹni tí kì í ṣe ìdárayá. Lára ẹni tí kò jáwọ́ nínú ìdárayá líle, ó lè má ju bí ìlàjì èyí lọ. Níhìn-ín ni iṣẹ́ aápọn ti ń sanwó.

Ti oríkèé yàtọ̀. Egungun rírọ̀ tí ó bo orí egungun nínú orúnkún kò ní ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Omi inú oríkèé ni ó ń bọ́ ọ, nítorí náà bí ó bá farapa kì í tètè san. Sáà NBA jẹ́ ìdíje 82 láàrin nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Láìka àwọn ìdíje ìparí sáà, Ọlájuwọ́n gbá 1,238, ìsẹ́jú 44,222 lápapọ̀. Orúnkún kò mọ ife-ẹ̀yẹ. Ìsẹ́jú ni ó ń kà. Ní sáà 1997-98 wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní orúnkún, ìdíje 47 péré ni ó sì gbá, àmì ayò rẹ̀ ṣubú láti 23.2 sí 16.4. Ọmọ ọdún 35 ni. Ní ọdún 2001 ẹ̀jẹ̀ dì sí i lẹ́sẹ̀. Ní sáà rẹ̀ tí ó kẹ́yìn ní Toronto, 2001-02, àmì ayò 7.1 ni ó ń jẹ. Ẹ̀yìn dídùn ni ó sì mú un fi eré sílẹ̀ ní ọdún 2002.

Ẹnì kan lè sọ pé ìsẹ́jú tí wọ́n ń fún un lórí pápá ni ó dínkù. Òótọ́ ni, láti 39.6 ní 1994-95 sí 22.6 ní 2001-02. Ṣùgbọ́n bí a bá pín àmì ayò sórí ìsẹ́jú, 0.70 ni ó di 0.31. Ìsẹ́jú nìkan kọ́. Síbẹ̀, kí olùkọ́ má ṣe kọ gbogbo rẹ̀ sí ọrùn ọjọ́ orí. Ọjọ́ orí jẹ́ iye ọdún. ‘Ogbó’ ni ohun tí ọdún ń ṣe sí ara. ‘Ìfarapa’ tún jẹ́ ohun mìíràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ogbó a máa ṣílẹ̀kùn fún un. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n pàdé lára Ọlájuwọ́n.

Kí ni a ó wá pe ìgbà tí agbábọ́ọ̀lù wà lókè pátápátá? Àwọn atúmọ̀-èdè fẹ́ràn ‘góńgó’. Àwa kò fara mọ́ ọn. Góńgó jẹ́ ṣóńṣó, ẹnikẹ́ni kì í sì í gbé orí ṣóńṣó. Ẹ wo sáà mẹ́rin tí Ọlájuwọ́n gbá láti 1992-93 sí 1995-96: àmì ayò 26.1, 27.3, 27.8, 26.9. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin èyí tí ó kéré jù àti èyí tí ó pọ̀ jù kò tó 2. Orí òkè pẹrẹsẹ ni èyí, ọmọ ọdún 30 ni ó gùn ún, ọmọ 33 ni ó ṣì wà níbẹ̀. (Ní oṣù Kejì ọdún 1995, nínú ààwẹ̀ Ramadan, a tilẹ̀ yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tí ó tayọ jù ní oṣù náà.) Nítorí náà ‘ìgbà téńté’ ni a yàn, nítorí pé ohun tí a gbé sórí téńté lè pẹ́ níbẹ̀.

Bí ó ti lè pẹ́ tó kò dọ́gba. Kareem Abdul-Jabbar gba ẹ̀bùn ẹni tí ó tayọ jùlọ nínú àṣekágbá ní ọdún 1985, ní ọmọ ọdún 38, kò sì fi eré sílẹ̀ títí di 1989. LeBron James pé ọmọ 40 láàrin sáà 2024-25. Àmì ayò 24.4 ni ó ń jẹ nínú ìdíje kan, ìgbà 8.2 ni ó sì ń gbé bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ rẹ̀ kí onítọ̀hún fi jẹ àmì. Ṣùgbọ́n 70 nínú ìdíje 82 ni ó gbá. Níhìn-ín ni ìkọ́fẹ ti wọlé. A mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀: aláìsàn a máa kọ́fẹ padà. Àgbà agbábọ́ọ̀lù lè ṣe ní alẹ́ òní ohun tí ó ṣe ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Kí ó tún ṣe é ní alẹ́ ọ̀la ni ó le. Ọ̀nà tí ìgbà téńté ń gbà parí gan-an nìyí: kì í wó lulẹ̀, àárín ọjọ́ rere kan sí èkejì ni ó ń jìn. Nígbà tí James bẹ̀rẹ̀ sáà rẹ̀ kẹtàlélógún ní ọdún 2025, iye sáà tí ẹnikẹ́ni kò gbá rí, ó pàdánù àwọn ìdíje àkọ́kọ́ nítorí ìrora tí ó ti ìbàdí sọ̀ sí ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ dáhùn ìbéèrè ọmọ Òsóòrò yẹn, kí ó máa ka ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ju kí ó máa wo bí ó ti ń fò lọ.

Ó ku ìmọ̀-ọ́n-ṣe, èyí tí kò bá wọn sọ̀ kalẹ̀. Ní ọdún 2009 Kobe Bryant tọ Ọlájuwọ́n lọ ní Houston. Ní 2011 James náà lọ. Ọkùnrin tí wọ́n lọ bá ti fi eré sílẹ̀ láti 2002, orúnkún àti ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì ṣe é fò mọ́. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó fò. Ohun tí wọ́n lọ kọ́ ni bí a ṣe ń kọ ẹ̀yìn sí apẹ̀rẹ̀, kí a fi ẹsẹ̀ sọ fún alátakò pé ọ̀tún ni à ń lọ, kí a sì yà sí òsì, ẹsẹ̀ tí Ọlájuwọ́n mú wá láti orí pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ní Èkó. A dábàá ‘ìfẹsẹ̀tannijẹ’ fún èyí. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ tí ó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó kọ̀wé sí wa.

Olùkọ́ náà ti kọ̀wé ní tirẹ̀. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun gba ‘ìkọ́fẹ’ àti ‘ìgbà téńté’ láìjanpata, ṣùgbọ́n wọn kò gba ‘ipá òjijì’. ‘Ìtagìrì’ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. A kò bá wọn jà.