Kí A Tó Sanwó Àgbò Iléyá, Ẹ Jẹ́ Ká Wo Ẹnu Rẹ̀

Bí oṣù Dhul-Hijjah bá ti lé, ẹ̀gbẹ́ títì ní Benson níbí, ní Ìkòròdú wa, a kún fún àgbò. Ẹni tó fẹ́ ra ọ̀kan a di ìwo rẹ̀ mú, a tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá ó sanra, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ọ̀pọ̀ wa kì í la ẹnu rẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀, ẹnu ni ọjọ́ orí ẹran wà, ẹran tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò bá sì tó, kì í ṣe ẹran Iléyá, ẹran jíjẹ lásán ni.

Nínú hádíìsì tí Jábírù gbà wá, tó wà nínú Sahih Muslim, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí a má pa ohun mìíràn ju musinnah lọ, àyàfi bí ó bá nira, kí a wá pa jadha'ah nínú àgùntàn. Ọ̀rọ̀ náà, musinnah, inú sinn ni ó ti jáde, sinn sì ni eyín ní èdè Lárúbáwá. Ní ọ̀nà Imam Màlíkì tí ọ̀pọ̀ àáfà wa ń tẹ̀lé, bí Risālah tí Ibn Abi Zayd kọ ṣe là á sílẹ̀, àgùntàn a pé ọdún 1 (àwọn kan ní oṣù 8 tàbí 10 tó), ewúrẹ́ a ti wọ ọdún kejì, màlúù a ti wọ ọdún kẹrin. Ọ̀nà àwọn imam mìíràn wà tó gba àgùntàn olóṣù 6. Ẹ bi ìmáàmù yín léèrè.

Títóbi kò sọ ọjọ́ orí. Àgbò Balami tàbí Uda tí wọ́n ń kó wá láti Òkè Ọya lè ga ju àgbà àgùntàn ìbílẹ̀ wa lọ kí ó tó pé ọdún kan. Àgùntàn ìbílẹ̀ tiwa sì lè ti dàgbà tán kí ó ṣì kúrú. Ẹyin ojú nìkan kò tó.

Bí ẹ bá la ẹnu àgbò, ẹ kò ní í rí eyín kankan níwájú lókè. Kò ká, bí Ọlọ́hun ṣe dá a nìyẹn: ẹran líle kan ló wà níbẹ̀, tí eyín ìsàlẹ̀ ń tẹ koríko mọ́ kí ó lè já a. Níwájú nísàlẹ̀, eyín 8 ni. Eyín wàrà ló kọ́kọ́ ń yọ, wọ́n kéré, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì funfun. Láàárín oṣù 12 sí 18, méjì tó wà láàárín gan-an a já, eyín àgbà méjì a sì rọ́pò wọn. Àwọn wọ̀nyí fẹ̀, wọ́n ga, wọn kì í funfun tó ti àkọ́kọ́, ẹni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan kò tún ní ṣì í mọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2, eyín àgbà a di 4. Ó di 6 ní bí ọdún 2½ sí 3. Nígbà tó bá fi máa sún mọ́ ọdún 4, gbogbo 8 a ti pé. Ti màlúù máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí ọdún 2 ni méjì àkọ́kọ́ ń yọ.

Nítorí náà, àgbò tó ti ní eyín àgbà méjì ti kọjá ọdún kan. Ṣùgbọ́n èyí tí kò tíì pààrọ̀ eyín lè jẹ́ olóṣù 7, ó sì lè jẹ́ olóṣù 14. Eyín kò lè dá ẹjọ́ yẹn, ẹni tó sìn ín ni kí a bi. Bí ẹ bá sì bá àlàfo níbi tí eyín wàrà ti ṣẹ̀ṣẹ̀ já, ẹ má tìtorí ẹ̀ kọ ẹran náà. Àwọn onímọ̀ Màlíkì kò ka eyín tó já nítorí pípààrọ̀ tàbí ogbó sí àbùkù.

Ẹ má fi ti ẹṣin wé e o. Àwọn ẹṣin tí a ń rí ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ní eyín iwájú 6 lókè àti 6 nísàlẹ̀, bí wọ́n bá sì ti tó ọdún 5 ni gbogbo rẹ̀ ti pààrọ̀ tán. Ibi tí wọ́n bá ara wọn mu ni àlàfo tí kò ní eyín, láàárín eyín iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni irin ìjánu ń jókòó sí lẹ́nu ẹṣin.

Ibẹ̀ náà ni kí ìka yín gbà wọlé lẹ́nu àgbò. Kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú jẹ́ẹ́, láìfún un lọ́rùn. Ẹ fi àtàǹpàkò fa ètè ìsàlẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ wò ó. Ẹ má jẹ́ kí ìka dé ẹ̀yìn, torí eyín tó fi ń jẹ àpọ̀jẹ mú, ó sì lè gé ìka.

Bí ẹ ti ń wo eyín, ẹ wo ẹran ìdí rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá funfun ràn-ìn, ó ṣeé ṣe kí aràn ti mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí egbò bá wà nínú ẹnu, tí imú àti ojú ń ṣomi, tí ó sì ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ẹ kúrò níbẹ̀: àìsàn kan wà tó ń pa àgùntàn àti ewúrẹ́ lọ́pọ̀, tí a ń pè ní PPR. Kì í mú ènìyàn, ṣùgbọ́n itọ́ àti ikun imú ló ń gbé e kiri, ọwọ́ wa tó kúrò lẹ́nu àgbò kan bọ́ sí òmíràn sì lè bá a gbé e. Èyí tó ń mú ènìyàn ni orf, tó máa ń fi èépá sí ètè ẹran. Bí ó bá kan ojú ọgbẹ́ kékeré lọ́wọ́ wa, kókó a sọ níbẹ̀, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ 6 kí ó tó san.

Àwọn kan a ní itọ́ àgbò kì í ṣe nájísì. Òótọ́ ni, kò ba àlùwàlá jẹ́. Ṣùgbọ́n mímọ́ fún ìrun kò sọ pé kò ní kòkòrò àìsàn. Ẹ gbé omi àti ọṣẹ dání, ẹ fọ ọwọ́ láàárín ọgbà kan sí èkejì àti kí ẹ tó fọwọ́ kan fóònù tàbí oúnjẹ. Ẹni tó ní ọgbẹ́ lọ́wọ́, kí ó wọ ìbọ̀wọ́ tàbí kí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn là á. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé máa ki ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀ nílé. Bí kókó bá sì yọ lọ́wọ́ yín lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ má fi abẹ́ tú u, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ẹ fọwọ́ kan ẹnu àgbò.