Gíga Okùn àti Ìtẹ̀ Ọrùn lára Gìtá Béèsì

Ọ̀rọ̀ kan náà tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ìṣe ni àwọn tí ń tún gìtá ṣe fi ń pe àlàfo tí ó wà láàrin okùn àti irin ìdábùú orí ọrùn gìtá. Ògbufọ̀ tí ó bá pè é ní “ìṣe okùn” tẹ̀ lé ẹyọ ọ̀rọ̀, ó sì sọ ìtumọ̀ nù. Gíga okùn ni ó tọ́, nítorí ohun tí a lè fi rúlà wọ̀n ni.

Ẹ jẹ́ kí gìtá béèsì Precision, tí Leo Fender gbé jáde ní California lọ́dún 1951, ṣe àpẹẹrẹ. Okùn irin mẹ́rin ni ó ní. Íǹṣì 34 ni ó wà láàrin ibi tí okùn ti fara lé gìtá lókè àti ibi tí ó ti fara lé e nísàlẹ̀. A lè pe àwọn ibi méjèèjì ní agbókùn orí àti agbókùn ìdí; ìlànà tí ó bí “agbégilódò” náà ni ó bí wọn.

Bí a bá ti tún ohùn okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe tán, agbára tí wọ́n fi ń fa ọrùn lé ní ìwọ̀n 60 kilogíráàmù. Igi nìkan kò lè fara da èyí pẹ́, ìdí nìyẹn tí a fi ń ki ọ̀pá irin sínú ọrùn láti máa fà á padà. Ọ̀pá àmúró ni orúkọ tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Bí a bá fún nọ́ọ̀tì rẹ̀, ọrùn á nà. Bí a bá tú u díẹ̀, okùn á fa ọrùn tẹ̀. Ìtẹ̀ díẹ̀ kò burú, ó tilẹ̀ pọn dandan, torí pé àárín okùn a máa gbọ̀n ju etí rẹ̀ lọ. Ọrùn a wá tẹ̀ bí ọrun. (Ẹni tí ó bá kọ gbólóhùn yẹn láìfi àmì ohùn sí i kò tíì kọ nǹkan kan.)

Láti wọn ìtẹ̀ ọrùn, a ó tẹ okùn tí ó nípọn jù mọ́ irin ìdábùú kìíní àti èyí tí ó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Àlàfo tí ó bá kù láàrin okùn àti irin kẹjọ ni ìtẹ̀ náà, bíi 0.3 mìlímítà dára. Ní ti gíga okùn, orí irin kẹtàdínlógún ni a ti ń wọ̀n ọ́n, láìtẹ okùn rárá: bíi 2.4 mìlímítà fún okùn tí ó nípọn jù, 2 mìlímítà fún èyí tí ó tín-ín-rín jù. Sikúrù agbókùn ìdí ni ó ń gbé okùn sókè tí ó sì ń sọ ọ́ kalẹ̀.

Bí ìwé bá fi orúkọ kan pe méjèèjì, akẹ́kọ̀ọ́ tí a ní kí ó sọ okùn kalẹ̀ lè mú sípánà kí ó máa fún ọ̀pá àmúró. Okùn yóò sọ̀kalẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọrùn yóò tẹ̀ sẹ́yìn, okùn yóò sì máa kùn bí oyin lórí àwọn irin tí ó sún mọ́ orí. Bí ó bá ń fún un lọ bẹ́ẹ̀, ọ̀pá lè ṣẹ́. Lára ọ̀pọ̀ gìtá, àfi kí a ṣí pákó ojú ọrùn kí a tó lè pààrọ̀ rẹ̀. Okùn tí ó ń kùn lápá ìdí nìkan ni kí a wá àtúnṣe rẹ̀ lọ sí agbókùn ìdí. Èyí tí ó ń kùn kìkì nígbà tí a kò tẹ̀ ẹ́, agbókùn orí ni kí a yẹ̀ wò.

Ọrùn ni a ń kọ́kọ́ tò, lẹ́yìn náà gíga okùn, torí pé ìyípadà ti àkọ́kọ́ a máa yí èkejì padà. Igi a sì máa fa omi, a máa gbẹ. Gìtá tí a tò lásìkò òjò lè fẹ́ àtúntò nígbà ọyẹ́. Kí a má ṣe yí nọ́ọ̀tì ọ̀pá àmúró ju ìdámẹ́rin yíyí kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Kí a tún ohùn okùn ṣe, kí a sì tún wọn ìtẹ̀ ọrùn, kí a tó fọwọ́ kàn án mìíràn.