Kí Ẹ Tó Gbé Àpèjẹ Ilé-Iṣẹ́ Fún Alásè

Bí oṣù Kejìlá bá ti ń sún mọ́lé, orí tábìlì mi ni ìwé iye owó àwọn alásè máa ń kún sí. Èmi ni mo ń mójú tó ìpàdé, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti àpèjẹ òpin ọdún ní ilé-iṣẹ́ wa ní Ìkẹjà. Ohun tí iṣẹ́ yìí ti jẹ́ kí n gbà gbọ́ gidigidi ni pé ahọ́n nìkan kò tó láti fi yan alásè. Ìrẹsì tó dùn nínú àwo ìtọ́wò lè di nǹkan mìíràn bí wọ́n bá sè é fún ènìyàn 250, tí wọ́n gbé e gba inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, tó sì tún dúró de ọ̀rọ̀ ìkíni ọ̀gá àgbà. Wákàtí tó wà láàrin ìgbà tí oúnjẹ kúrò lórí iná àti ìgbà tó dé iwájú àlejò ni kí ẹ fi dán alásè wò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Alásè tó ń dáná ní Agége fún àpèjẹ agogo kan ọ̀sán ní Victoria Island gbọ́dọ̀ ti di oúnjẹ sínú kúlà kí agogo mẹ́wàá tó lù. Bí ọkọ̀ bá há sórí Afárá Third Mainland, tí ètò sì tún falẹ̀, agogo mẹ́ta lè lù kí ẹnikẹ́ni tó fi ṣíbí kan ẹnu. Wákàtí márùn-ún nìyẹn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, là á mọ́lẹ̀ pé oúnjẹ sísè kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ lásán ju wákàtí méjì lọ. Èyí tí a ó jẹ ní gbígbóná gbọ́dọ̀ gbóná ju 60°C lọ títí a ó fi bù ú; èyí tó jẹ́ tútù gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ 5°C. Ìrẹsì ló yẹ ká ṣọ́ jù. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus máa ń wà lára rẹ̀ láti oko. Sísè kì í pa irúgbìn kòkòrò yìí tán. Bí ìrẹsì bá wà ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́, irúgbìn náà yóò hù, yóò pọ̀ sí i, yóò sì tu oró sínú oúnjẹ. Bí wọ́n tilẹ̀ tún un gbé kaná, oró yẹn kì í lọ. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi lè máa bì láàrin wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn ìrẹsì tí òórùn rẹ̀ kò yí padà rárá.

Nítorí náà, kí n tó tọ́ oúnjẹ wò, mo máa ń bẹ̀bẹ̀ kí alásè jẹ́ kí n dé ibi ìdáná rẹ̀ ní ọjọ́ tó bá níṣẹ́ lọ́wọ́. Ní ẹ̀yìnkùlé kan ní Agége, mo bá màmá kan tó ń da omi híhó sínú àwọn kúlà ńláńlá. Ó dé wọn pa, ó fi wọ́n sílẹ̀ títí jọ̀lọ́fù fi jinná. Ìgbà yẹn ló da omi náà nù, ó nu inú wọn gbẹ, ó sì bu ìrẹsì sí i lójú ẹsẹ̀ bó ṣe ń gbóná fẹlifẹli.

Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni omi gbígbóná yẹn wà fún?”

Ó ní, “Ọmọ mi, kúlà tó bá tutù, ooru oúnjẹ ló máa kọ́kọ́ jẹ.”

Mo bẹ màmá náà kó bá mi ti kúlà kan pa. Nígbà tí a ṣí i lọ́sàn-án, mo ki òṣùwọ̀n ìgbóná bọ àárín ìrẹsì náà. Ó ṣì lé ní 60. Òun la gbé iṣẹ́ ọdún yẹn fún.

Níbi ìdáná bẹ́ẹ̀, ẹ wo bóyá pákó tí wọ́n fi ń gé ẹran tútù náà ni wọ́n ń gé kábéèjì lé. Ẹ béèrè ibi tí omi ti ń wá, kí ẹ sì wo ibi tí wọ́n ti ń fọ ọwọ́. Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò ìlera àwọn tó ń fọwọ́ kan oúnjẹ, torí ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè gbé kòkòrò táífọ́ọ̀dù kiri láìmọ̀. Ẹ tún béèrè iye òde tó ti gbà fún ọjọ́ kan náà. Alásè kan gba òde mẹ́ta ní Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá, tiwa sì wà nínú wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ wa jókòó ti omi inú ike títí agogo mẹ́rin fi kọjá. Láti ìgbà náà, mo máa ń fẹ́ mọ̀ bóyá alásè fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀ tàbí ọmọ iṣẹ́ ló máa rán.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ owó. Ọ̀gá ìnáwó máa ń fẹ́ èyí tó kéré jù nínú ìwé iye owó mẹ́ta. Kò burú, bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń sọ nípa ohun kan náà. Alásè kan lè kọ iye àwo kan láìka omi, owó ọkọ̀, àwọn tó máa pín oúnjẹ àti VAT ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún mọ́ ọn, kí èkejì sì ti ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, àmọ́ ó yẹ ká mọ ibi tí owó náà lọ. Ẹ kọ ohun kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo wọn: iye ẹran tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan àti bó ṣe tóbi tó, mọ́ínmọ́ín eléwé tàbí ti inú agolo, iye àwọn tó máa pín oúnjẹ. Ìrẹsì náà ṣeé ṣírò: gíráàmù 125 gbígbẹ fún ẹnì kan, àpò kílò 50 yóò kárí ènìyàn 400. Ẹni tó bá ní àpò méjì lòun máa sè fún ènìyàn 250 ní àlàyé láti ṣe. Ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ti ilé-iṣẹ́ ni oúnjẹ tó bá ṣẹ́ kù, kí kúlà má bàa gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń jó.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ béèrè ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ yín kì í jẹ. Mùsùlùmí fẹ́ mọ ẹni tó dúńbú ẹran. Ẹni tí ẹ̀pà tàbí edé kò bá lára mu lè dé ilé ìwòsàn nítorí èyí tó bọ́ sínú ọbẹ̀ láìsọ. Ẹ sì jẹ́ kí alásè kọ́kọ́ bu ti àwọn awakọ̀, mẹ́gádì àti àwọn tó ń gbálẹ̀ sọ́tọ̀, torí àwọn ni oúnjẹ máa ń tán lé lórí. Ìnáwó tí ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún àlejò fi ebi parí kì í ṣe ìnáwó tó yẹni.

Bí àpèjẹ bá parí, ẹ san ìyókù owó ní ọjọ́ tí ẹ dá. Ọ̀pọ̀ alásè ló ń ra ẹran àti ìrẹsì ní àwìn, tí ilé-iṣẹ́ ńlá á sì dá owó wọn dúró fún oṣù mẹ́ta. Alásè tó mọṣẹ́ kì í padà síbẹ̀. Bí a ṣe ń yan alásè ni alásè náà ń yan oníbàárà, ẹni tó bá sì ń sanwó déédéé ni wọ́n máa ń fi Sátidé oṣù Kejìlá pamọ́ fún.